Git Mọ Orúkọ Ohun Tó Sọnù

Iná lọ. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ìròyìn. Ohun tó jẹ́ ìròyìn ni pé íńfátà tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà wa dúró kò gbé e, kọ̀ǹpútà náà sì kú lójijì níbi tó ti ń kọ nǹkan sórí dísìkì lọ́wọ́. Nígbà tí iná dé, tí a tún un tàn, kò wọlé bó ṣe máa ń wọlé. Ojú dúdú ló gbé síta, ó ní ètò tí dísìkì fi ń to fáìlì ti bàjẹ́, ṣé kí òun tún un ṣe? A ní kó tún un ṣe. Kí la tún fẹ́ sọ?

Ó tún un ṣe lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó fi máa parí, ibi ìpamọ́ Git wa, ohun tí gbogbo wa ń pè ní repo, ti tú ká. Àwọn fáìlì kan ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ òfìfo ni wọ́n. Àwọn mìíràn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́ kù wà nínú fódà kan tó ń jẹ́ lost+found, níbi tí ẹ̀rọ máa ń kó ohun tó bá rí he sí, tí kò sì mọ ilé rẹ̀. Wọn ò lórúkọ mọ́, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n fi dá wọn mọ̀.

Ohun tó wà nínú repo yẹn kì í ṣe kóòdù nìkan. Àwa mẹ́ta là ń ṣe ètò kékeré kan tó ń bá èèyàn fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, a sì ti ń kó ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ fún un: ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọ̀rọ̀ ahunṣọ, ọ̀rọ̀ aláró. Ọjọ́ 16 ló ti kọjá tí a ti ṣe push kẹ́yìn. Ẹ má bi wá léèrè ìdí. Dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, a sì ń sọ fún ara wa pé tó bá di ọ̀la.

A ò kọ àròkọ yìí láti kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tún repo ṣe. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni àwọn ìwé tí a kà fún odindi ọjọ́ mẹ́ta tí a fi ń tún un ṣe: ìwé ìlò Git, lẹ́tà méjì tó wà nínú rẹ̀, àti ìtàn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn KDE. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ka ìlànà oògùn lára páálí: ká rí èyí tó kàn wá, ká jù ú nù. Àmọ́ ìwé ni wọ́n. Èèyàn ló kọ wọ́n, ó sì ní irú ẹni tó ní lọ́kàn nígbà tó ń kọ ọ́. Èrò wa nípa wọn kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n jẹ́ olóòótọ́ nípa ohun tó sọnù, àmọ́ ẹni tí ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn fún.

Orúkọ méjì

Ká tó lè sọ ohun tí àwọn ìwé yìí ṣe dáadáa, ó yẹ ká mọ bí Git ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ tó ni BitKeeper sọ pé àwọn tó ń kọ Linux kò lè lo irinṣẹ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Àwọn tó ń kọ Linux wà káàkiri ayé, nítorí náà ó ṣe Git lọ́nà tí olúkúlùkù fi máa ní odindi ìtàn iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Nínú Git, ohun tó wà nínú fáìlì ló ń sọ fáìlì lórúkọ. Git á kọ irú ohun tó jẹ́ àti iye báìtì rẹ̀ síwájú rẹ̀, á gbé gbogbo rẹ̀ gba inú ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní SHA-1, lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 ló sì máa jáde. Ogójì yẹn ni orúkọ rẹ̀. Ẹ yí kọ́mà kan ṣoṣo padà nínú fáìlì náà, orúkọ mìíràn ló máa jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn lókè òkun, orúkọ kan náà ló máa jẹ́ níbẹ̀.

Yorùbá mọ irú orúkọ yìí dáadáa. Kò sí bàbá tó jókòó ronú kó tó pe ọmọ rẹ̀ ní Táíwò, tàbí Ìgè, tàbí Òjó. Bí ọmọ náà ṣe wá sáyé ló ti sọ ọ́. Orúkọ àmútọ̀runwá nìyẹn. Èyí tí àwọn òbí fúnra wọn yàn ni orúkọ àbísọ. Nínú repo wa, "aláró.txt" jẹ́ orúkọ àbísọ, a lè yí i padà nígbàkigbà tó bá wù wá. Ogójì lẹ́tà yẹn ni àmútọ̀runwá. Ohun inú fáìlì ni Git ń pè ní blob. Ìwé tó so orúkọ àbísọ mọ́ àmútọ̀runwá ni tree. Ìwé tó sọ ẹni tó ṣe iṣẹ́, ìgbà tó ṣe é àti ohun tó torí rẹ̀ ṣe é ni commit. Commit ń dárúkọ tree, tree ń dárúkọ blob, commit tuntun ń dárúkọ èyí tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ara wọn títí dé ìbẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì la rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú kíláàsì lásán. Fáìlì 214 ló wà nínú lost+found. Dísìkì ti gbàgbé orúkọ gbogbo wọn. A kọ kóòdù Python kan tí kò gùn: ó ń tú ohun tí Git ti fún pọ̀, ó ń fi SHA-1 ṣírò ohun tó bá rí nínú rẹ̀, ó sì ń dá a padà sí àyè rẹ̀, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ fún fódà, 38 tó kù fún fáìlì. Nínú 214 yẹn, 187 ló jẹ́ ti Git, gbogbo wọn ló sì padà sílé lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rí ọmọ he lọ́jà máa kọ́kọ́ bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn tiwa gbé orúkọ wọn dání wá.

Ohùn fsck

Àṣẹ tó ń yẹ repo wò ni git fsck. (Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà odindi fódà .git sí orí dísìkì mìíràn. Àwa ṣe é, òun sì ni ohun ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo tí a ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́.) Ohun tí fsck máa ń sọ síta, ìlà lórí ìlà, ni ìwé àkọ́kọ́ tí a kà.

Fsck kì í kí èèyàn pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe bí áàpù báńkì tó máa ń sọ pé ohun kan ṣẹlẹ̀, ẹ tún gbìyànjú. Á sọ fún ẹ pé blob tó ń jẹ́ báyìí-báyìí kò sí, pé tree tó ń jẹ́ báyìí-báyìí ló ń pè é tí kò dáhùn. A fẹ́ràn ìyẹn. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ìdajì wàhálà ni pé èèyàn ò mọ bí ohun tó bàjẹ́ ṣe pọ̀ tó. Fsck dárúkọ òkú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kà wọ́n dé orí ẹni ìkẹyìn. Tí kò bá dárúkọ ohun kan, ohun yẹn wà láàyè, ó pé.

Àmọ́ ibì kan wà tí a ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń lò jù: dangling àti missing. Dangling ni ohun tó wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò pè. Bóyá ẹ ṣe git add, ẹ tún yí fáìlì náà padà, ẹ sì tún ṣe git add kí ẹ tó ṣe commit. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ń rọ̀ dirodiro ni. Missing ni ohun tí wọ́n ń pè tí kò sí níbẹ̀. Ìkíní kì í sábà jẹ́ nǹkan kan. Ìkejì ni òfò. Fsck sì ń ka méjèèjì ní ohùn kan náà, bíi tíṣà tó ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ìlà dangling ló kún ojú kọ̀ǹpútà wa, ọ̀kan nínú wa sì gbé ọwọ́ lérí pé iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ti lọ. Ohun tó sọnù gan-an kò ju blob mẹ́fà lọ nígbà tí a ti dá àwọn ti lost+found padà, wọ́n sì wà láàárín ariwo yẹn. Ìwé ìlò ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ náà o, àmọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn gbogbo àṣàyàn tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń já kò ní rójú kà. Ẹni tó ń jíṣẹ́ òfò gbọ́dọ̀ mọ ibi tó yẹ kí ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Lẹ́tà ọdún 2007

Ní ọdún 2007, ẹnì kan ní blob kan tó bàjẹ́, Linus Torvalds sì kọ lẹ́tà láti dá a lóhùn. Wọ́n fi lẹ́tà náà sínú àwọn ìwé Git, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nínú gbogbo ohun tí a kà, òun ló rọrùn láti tẹ̀ lé jù.

Ọ̀nà tó là sílẹ̀ nìyí. Fsck ti sọ pé tree kan ń pe blob tí kò sí. Ẹ fi git ls-tree ṣí tree náà, ẹ wo orúkọ àbísọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ blob yẹn. Ẹ ti mọ fáìlì tó jẹ́ nìyẹn. Ṣé fáìlì náà ṣì wà nínú fódà tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́? Ẹ fi git hash-object wọn ọ́n. Tí orúkọ tó jáde bá jẹ́ orúkọ ẹni tí à ń wá, ẹ fi -w sí i, ó ti padà sílé. Tí kò bá jẹ́ òun, ẹ fi git log --raw wo bí fáìlì náà ṣe rí ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ẹ máa lè tún èyí tó wà láàárín kọ.

Ohun tó wù wá nínú lẹ́tà yìí ni pé kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà á gbọ́. Ẹ lè tún fáìlì náà kọ láti orí, láti inú ìwé tí ẹ tẹ̀ jáde, láti inú fóònù ọ̀rẹ́. Tí ogójì lẹ́tà bá bára mu, òun gan-an ni. Kò sí pé ó jọ ọ́, kò sí pé ó fẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò nílò ẹlẹ́rìí, ẹ ò nílò ìbúra.

Ohun tó jẹ wá ní wákàtí méjì ni ọ̀rọ̀ àwọn òfìfo yẹn. Tí fáìlì òfìfo bá wà ní àyè blob, Git á rò pé blob náà ti wà, kò ní kọ tuntun. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé òfìfo kúrò lórí ìjókòó kí onílé tó lè jókòó. Nígbà tí a mọ ìyẹn, iṣẹ́ yá. Mẹ́ta nínú mẹ́fà wà nínú clone tuntun tí a fà láti orí sáfà, torí wọ́n ti dàgbà ju ọjọ́ 16 lọ. Ẹyọ kan wà nínú fódà iṣẹ́ wa, kò tíì yí padà. Ó ku méjì.

Ibẹ̀ sì ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà náà fún. Àpẹẹrẹ inú rẹ̀ jẹ́ fáìlì tó ní ìtàn gígùn, tó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ayé àwọn tó ń kọ Linux nìyẹn: tí ti ọwọ́ ẹ bá bàjẹ́, èèyàn rẹpẹtẹ ní odindi rẹ̀ lọ́wọ́. Fáìlì tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kò sí nínú lẹ́tà yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan náà, orúkọ méjì

Ìkarùn-ún ni ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ọ̀kan nínú wa rántí pé òun ti fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kejì lórí WhatsApp. Kò fi ránṣẹ́ bíi fáìlì o. Ó daà á kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ. A mú un jáde, a tọ́jú ẹ, a wọn ọ́n. Orúkọ mìíràn ló jáde.

A kà á lẹ́tà dé lẹ́tà pẹ̀lú ohun tí a rántí. Kò sí ohun tó yí padà lójú wa. Àfi ìgbà tí ẹnì kan sọ pé: àwọn àmì ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Yorùbá kọ nǹkan sórí ẹ̀rọ á ti pàdé wàhálà yìí. Kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ bí ohun mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn: o, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Ó sì lè kọ ọ́ bí ohun méjì: ọ tó jẹ́ odindi, àmì òkè lẹ́yìn rẹ̀. Ojú wa rí lẹ́tà kan náà, Git rí báìtì tó yàtọ̀. Ètò tiwa máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di ti ìkejì, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kó tó tọ́jú ẹ. Ibì kan láàárín fóònù méjì ni àwọn àmì náà ti tú. A sọ ọ́ di NFC. Kò tíì bára mu. A rántí pé ètò wa máa ń parí fáìlì pẹ̀lú ìlà tuntun. A tẹ Enter lẹ́ẹ̀kan ní ìsàlẹ̀, a wọn ọ́n. Ogójì lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pé. Aládùúgbò kan kan ilẹ̀kùn wá bèèrè bóyá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá.

Lẹ́tà kejì ló fún wa ní ìgboyà láti máa gbìyànjú báyẹn. Jeff King, ọ̀kan nínú àwọn tó ti pẹ́ nídìí Git, ló kọ ọ́ ní ọdún 2013. Wọ́n gbé repo kan wá fún un tí ohun kan ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà tó dáa níbòmíràn. Ó wá ibi tí ohun náà wà, ó kọ ètò kékeré kan ní èdè C tó ń yí báìtì kọ̀ọ̀kan padà sí gbogbo ohun tó lè jẹ́, tó sì ń wò ó bóyá ó ti lè tú. Báìtì kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Ó rí i.

Fún àwa, lẹ́tà yìí lágbára ju ti Linus lọ, bó tilẹ̀ le láti kà. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni ló kọ ọ́ fún. Kò sọ fún un pé ó yẹ kó ti ṣe báyìí, kó ti ṣe tọ̀hún. Ó jókòó tì í, ó bá a wá a. Àmọ́ òun náà ní ààlà tirẹ̀. Ara ṣì wà níbẹ̀, ọgbẹ́ kékeré ló wà lára rẹ̀. Tí kò bá sí ara rárá, kò sí ohun tí èèyàn máa yí padà.

Dígí tó pé jù

Ẹ ti lè máa sọ lọ́kàn pé: ṣebí ẹ̀yin lẹ ò ṣe push? Ẹ dá wa lẹ́bi, a gbà. Àmọ́ ẹ gbọ́ ti KDE ná, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1996, tí wọ́n ń ṣe ètò ojú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2013, wọ́n pa sáfà kan láti ṣe àtúnṣe ààbò. Nígbà tó padà dé, ètò fáìlì ext4 tí àwọn repo wọn wà lórí rẹ̀ ti bàjẹ́. Repo tí à ń wí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1500. Wọ́n ní àwọn sáfà mìíràn tó ń ṣe ẹ̀dà, nítorí náà ó yẹ kí ọkàn wọn balẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ àwọn sáfà yẹn ni pé kí wọ́n rí bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bàjẹ́, àwọn náà tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ẹ̀dà tó pé ṣẹ́ kù sí, òun ni wọ́n fi tún ilé kọ́.

Jeff Mitchell, ọ̀kan lára wọn, kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní "Too perfect a mirror". Dígí tó pé jù. Ohun tó mú kí àkọsílẹ̀ yẹn yàtọ̀ ni pé ó kọ ohun tí àwọn fúnra wọn gbà gbọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n rò pé Git á pariwo tó bá ń daà ohun tó ti bàjẹ́ kọ, Git ò sì pariwo. Ìwé ìlò kì í kọ irú nǹkan báyẹn. Ìwé ìlò máa ń sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Kì í sọ ohun tí àwa rò pé ó ń ṣe. Àárín méjèèjì yẹn sì ni repo ti máa ń kú.

Ìwé ta ni?

Ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù wà nínú ìwé ìlò Git fúnra rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní core.fsyncObjectFiles. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, bí Git bá ti kọ nǹkan tán, kó sọ fún dísìkì pé kó má kàn gbé e dání, kó kọ ọ́ sílẹ̀ gan-an báyìí. Ẹ̀rọ kì í ṣe é àyàfi tí ẹ bá ní kó ṣe é. Ìwé ìlò sì sọ pé lórí ètò fáìlì tó bá ń to ìkọ̀wé rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìfàkókò-ṣòfò àti ìfagbára-ṣòfò pátápátá ni.

Ẹ gbọ́ ohùn yẹn. Ohùn ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ ni. Lóòótọ́, ìdí wà fún ohun tó sọ: tí Git bá dúró de dísìkì lórí gbogbo ohun kékeré, iṣẹ́ ńlá á falẹ̀ bí ìgbín. Àmọ́ gbólóhùn náà kò sọ pé ohun báyìí lẹ máa rí, ohun báyìí lẹ máa pàdánù. Ó kàn fi ẹni tó ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọdún 2022, Git 2.36 jáde, ó mú core.fsync wá rọ́pò ti àtijọ́, wọ́n sì tún ìwé náà kọ. Ní báyìí, ó sọ ọ́ kedere pé tí ẹ kò bá yí nǹkan kan padà, Git kì í dúró de dísìkì lórí àwọn ohun tuntun tó wà ní ẹyọ-ẹyọ, pé ó yá, àmọ́ ẹ lè pàdánù iṣẹ́ àìpẹ́ tí ẹ̀rọ bá kú láìròtẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sí àwọn ẹyọ-ẹyọ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Gbólóhùn ló yí padà. Ti àkọ́kọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ti ìkejì sọ iye tí ọjà náà ń lọ fún wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé ìwé ìlò kì í ṣe ìwé tó yẹ kéèyàn fi ojú lámèyítọ́ wò, ẹ fi gbólóhùn méjì yìí hàn án.

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹnì kan ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Ẹni yẹn ní iná, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ń ṣe push ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́. Tí ẹ kì í bá ṣe òun, ẹ kọ git config --global core.fsync all, ẹ gbàgbé ẹ síbẹ̀. Lórí repo kékeré bíi tiwa, a ò mọ ìyàtọ̀ kankan nínú ìyára rẹ̀. Kò lè gbà wá lọ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ètò dísìkì fúnra rẹ̀ ló ṣubú. Àmọ́ àwọn òfìfo yẹn ì bá dín kù.

Ìkẹfà

Ìkẹfà ni aláró.txt. Màmá kan ní Abẹ́òkúta, tó ti ń ṣe àdìrẹ láti kékeré, ló sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ nípa èlú, nípa eérú, nípa ìkòkò aró, nípa ẹlẹ́kọ àti oníko, àti ohun tí wọ́n ń pe aró nígbà tó bá ti rẹ̀ tí kò mú aṣọ mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọ̀kan nínú wa rò pé òun ń tún fáìlì náà ṣe, ó sì fi òmíràn bò ó mọ́lẹ̀. A ò bẹ̀rù nígbà náà, torí ti àkọ́kọ́ wà nínú Git. A ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. A ò gba ohùn màmá sílẹ̀.

Commit rẹ̀ wà láàyè. Ó kọ síbẹ̀ pé: ọ̀rọ̀ 63 láti ẹnu màmá. Tree rẹ̀ wà, ó sì ń pe ogójì lẹ́tà tí kò dáhùn.

A padà sí Abẹ́òkúta. Màmá ò bínú, ó rẹ́rìn-ín wa ni. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́tẹ̀ yìí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó parí, ọ̀rọ̀ 58 la kà. A ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n jẹ́ 63 níjọ́sí." Màmá wò wá, ó ní, "Ṣé ohun tí mo sọ níjọ́sí lẹ fẹ́ ni, àbí ohun tí mo mọ̀?"

Kò sí lẹ́tà kankan nínú ìwé Git tó dáhùn ìbéèrè yẹn, a ò sì dá wọn lẹ́bi. Git kò mọ ohun tí màmá mọ̀. Ohun tó sọ lọ́jọ́ kan ló mọ̀, ó sì mọ̀ pé èyí kì í ṣe òun. A wọn fáìlì tuntun náà fún eré lásán. Orúkọ mìíràn pátápátá.

Repo tí blob kan ṣófo nínú ìtàn rẹ̀ kò ṣeé push. A lè tún ìtàn náà kọ kó rí bíi pé 58 ló wà níbẹ̀ látilẹ̀wá, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. A tún un kọ lóòótọ́, torí kò sí ọ̀nà mìíràn, gbogbo commit tó tẹ̀ lé e sì yí orúkọ padà. Àmọ́ a kọ ogójì lẹ́tà ti àkọ́kọ́ sínú commit náà, a ní ohun kan tó ń jẹ́ báyìí wà níbí rí, ọ̀rọ̀ 63 ló ní, ó bá iná lọ, ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ohun tí màmá sọ lẹ́ẹ̀kejì. A ra dátà lálẹ́ ọjọ́ náà, a push ẹ sí ibi méjì tí kò mọ ara wọn.

Àná ni màmá pè. Ó ní òun ti rántí mẹ́ta sí i.